Adágún tó di aláwọ̀ ewé: ṣé apẹja ló pa ẹja tán ni, àbí omi fúnra ẹ̀ ló yí padà?

Etí_Omi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Adágún kan wà tí iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ, n ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà láàárín àwọn tó ń jẹun níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, tẹ́ ẹ bá dúró sínú omi tó mu yín dé àyà, ẹ máa rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín kedere. Ní báyìí, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ìka yín ti pòórá. Àfi bíi pé wọ́n da ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i. Ẹja ńlá ti ṣọ̀wọ́n, àwọn wẹ́wẹ́ ló kún bí eéṣú.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, gbogbo ẹnu ló kò pé àwọn tó ń fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ pẹja ló fà á, kí wọ́n lé wọn fún ọdún méjì, gbogbo ẹ̀ á padà sípò. Ẹnì kan ṣoṣo ló dìde pé ooru ló ń bá omi náà jà, ńṣe ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre? Báwo ni ooru ṣe fẹ́ kan ẹja tó wà nísàlẹ̀ omi?

Àwọ̀n_Yíya:
Mo ti pẹja rí, ọdún mọ́kànlá gbáko kí n tó gbé àwọ̀n kọ́, torí náà mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ò dáa, tó o bá kó ọmọ ẹja lónìí kí lo fẹ́ rí pa tó bá dọ̀la? Ìyẹn tán. Ṣùgbọ́n apẹja ò da ọ̀dà sómi o. Àwọ̀n mi ò láwọ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Ìdájí ọjọ́ kan ni, kò tíì tó aago mẹ́fà, atẹ́gùn ò fẹ́ rárá, omi dúró bíi dígí. Mo ń gbọ́ ìró kan, pọ́pọ́ pọ́pọ́, mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹja ni, ojú omi kún fún ẹnu, gbogbo wọn gbẹ́nu sókè, ó ń ṣí ó ń pa dé. Kí oòrùn tó yọ àwọn ńlá ti ń yí inú funfun sókè. Àwọn kéékèèké ṣì ń rìn. Àrọ̀ ní tiẹ̀, bíi pé kò sí nǹkan kan. Omi ibẹ̀ ti ń ṣe aláwọ̀ ewé láti bí oṣù méjì ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹni tó bá mọ ohun tó fà á kó bá wa sọ ọ́.

Àǹtí_Awò:
@Àwọ̀n_Yíya ẹ kú ìrọ̀jú, bọ̀ọ̀dá. Ọ́síjìn ló tán nínú omi yẹn. Àwọn ewé tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n ń pè ní algae, tí oòrùn bá ń ràn wọ́n ń tú ọ́síjìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ti ṣú àwọn náà á máa fà á bíi gbogbo ohun abẹ̀mí. Tí wọ́n bá wá pọ̀ jù, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́ láti pò ó, ìdájí ló máa kù díẹ̀ jù. Ẹja ńlá ló kọ́kọ́ ń lọ torí ohun tí ara ẹ̀ ń béèrè pọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń wò wọ́n níran.

Ó yá, ẹ fi ooru kún un. Omi tutù máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ. Lítà omi kan ní 0°C lè gbà tó mílígíráàmù 14.6, ní 20°C ó di 9.1, ní 30°C ó ti bọ́ sí nǹkan bíi 7.5. Ẹja sì rèé, bí omi bá ṣe gbóná ni ara òun náà ṣe ń gbóná, bó bá sì ṣe ń gbóná ni ó ṣe ń fẹ́ ọ́síjìn sí i. Owó oṣù ń dín, ìnáwó ilé ń lé.

Àmọ́ ìyẹn gan-an kọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sípàdé. Adágún máa ń pín ara ẹ̀ sí méjì. Omi gbígbóná fúyẹ́, ó máa ń jókòó sórí èyí tó tutù, wọn ò sì fẹ́ pò pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ wà lókè, ajílẹ̀ wà nísàlẹ̀ torí pé gbogbo ohun tó bá kú ń rì síbẹ̀ ni, ó ń jẹrà. Atẹ́gùn ló máa ń rú wọn pọ̀. Tí òkè bá wá gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, agbára atẹ́gùn ò ní ká a mọ́, tàbí kó jẹ́ ìgbà díẹ̀ ló máa ká a. Ìsàlẹ̀ ò rí ọ́síjìn, òkè ò rí ajílẹ̀.

Kí_Ló_Dé:
Ẹ má bínú o, èmi ò gbà. Ẹja tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń la dígírì mẹ́ta mẹ́rin kọjá lóòjọ́, ẹ wá ní ooru ayé, tí wọ́n ní ó fi bíi dígírì kan péré lé sí i láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, ló fẹ́ pa á. Apẹja ń pọ̀ sí i, ẹja ń dín kù, kí la tún ń wá?

Àǹtí_Awò:
@Kí_Ló_Dé ìbéèrè gidi lẹ bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti fún ara yín lésì 😂. Kì í ṣe ẹja ni dígírì yẹn ń bá jà, pípò omi ni. Ẹ wo adágún Tanganyika ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ó jìn tó mítà 1,470, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kọjá bíi mítà 200, kò sí ọ́síjìn mọ́, kò sí ẹja, omi òkùnkùn lásán. Gbogbo ohun tó ń mí nínú ẹ̀ wà ní ipele tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè yẹn. Ìwádìí méjì tó jáde lọ́dún 2003 sọ pé ooru ti mú kí ìsàlẹ̀ àti òkè ya ara wọn sí i, wọ́n sì ṣírò ẹ̀ pé algae tó ń hù níbẹ̀ ti dín tó ìdá 20 nínú 100, wọ́n wá fojú bù ú pé ẹja tí adágún náà lè mú jáde á ti fi bí ìdá 30 dín.

Àwọn kan sọ nígbà yẹn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yìí, pé apẹja ni. Wọ́n wá gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ jáde, ẹrẹ̀ tó ń tò lérí ara ẹ̀ lọ́dọọdún bí ojú ìwé, wọ́n ń ka eegun ẹja àti ìpẹ́ tó wà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ẹja ti ń dín kù kí àwọn ọkọ̀ apẹja ńláńlá tó débẹ̀ láàárín ọ̀rúndún ogún. N ò sọ pé apẹja ò dá kún un o.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí èèyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n: ìyàtọ̀ ìwúwo tó wà láàárín omi 29°C àti 30°C ju èyí tó wà láàárín 4°C àti 5°C lọ ní ìlọ́po ọgbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà ní ilẹ̀ olóoru, dígírì kan péré lè ti ilẹ̀kùn.

Kí_Ló_Dé:
Hẹn. Ti eegun yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ní Tanganyika, algae ń DÍN KÙ. Ti Etí_Omi ń PỌ̀ SÍ I. Ẹ ò lè dá ooru kan náà lẹ́bi fún méjèèjì.

Àǹtí_Awò:
Ooru lè jẹ̀bi méjèèjì o, ẹ jẹ́ n jẹun tán, mò ń bọ̀.

Ajílẹ̀_Ni:
Kó tó padà dé, ẹ jẹ́ n sọ tèmi torí kò sí ẹni tó dárúkọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì látàárọ̀, oúnjẹ ewéko tó wà nínú ajílẹ̀ àti ìdọ̀tí ilé. Ní Kánádà, àwọn adágún kéékèèké kan wà ní Ontario tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí nìkan. Lọ́dún 1973 wọ́n fi aṣọ ìkélé kan tó nípọn dá ọ̀kan nínú wọn sí méjì gbọọrọ, Lake 226 ni wọ́n ń pè é. Wọ́n da nitirójìn àti kábọ́ọ̀nù sí apá méjèèjì, wọ́n wá fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún ti apá kan. Apá tó rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan ló di aláwọ̀ ewé. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ni mo kọ́kọ́ rí, mo rò pé wọ́n kùn ún ni, apá kan ewé, apá kan dúdú, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín.

Lake Washington náà nílẹ̀ Amẹ́ríkà, omi ìdọ̀tí ilé ni wọ́n ń dà sí i, ó ti ń rùn. Láàárín 1963 sí 1968 wọ́n darí gbogbo ìdọ̀tí yẹn gba ibòmíì, kò pẹ́ kò jìnnà omi ń mọ́. Wọn ò lé apẹja kankan. @Etí_Omi, ẹ lọ wo ohun tó ń ṣàn wọ adágún yín lẹ́yìn òjò ńlá. Oko wo ló wà lókè ibẹ̀? Ilé mélòó? Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Lábù:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kékeré ni mí níbí ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń pa mí, torí gbogbo yín ń ti òkè bọ̀ tàbí ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló ń JẸ algae yẹn.

Plánkítọ̀n, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń léfòó kiri inú omi, pín sí ọ̀nà méjì, àwọn tó jẹ́ ewéko àti àwọn tó jẹ́ ẹranko. Nínú àwọn ẹranko yẹn ni Daphnia wà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀kan sábẹ́ awò, mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ara ẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, ọkàn ẹ̀ ń lù kìkì kìkì lẹ́bàá ẹ̀yìn, ìfun ẹ̀ ti kún fún ewé tó jẹ, ẹyin ẹ̀ wà nínú àpò lẹ́yìn, ẹ lè kà á. Tó bá pọ̀ nínú omi, ó ń sẹ́ omi bíi kànìnkànìn, omi á mọ́ lóló.

Ṣùgbọ́n ẹja kékeré fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹni tó bá tóbi tó hàn ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé mì. Ní Crystal Lake ní Connecticut, wọ́n wo plánkítọ̀n ibẹ̀ lọ́dún 1942, àwọn ńlá ńlá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹja kan tó ń jẹ plánkítọ̀n wọ inú adágún náà. Wọ́n padà lọ wò ó lọ́dún 1964, àwọn ńlá ti lọ, àwọn tíntìn nìkan ló kù. Brooks àti Dodson ló kọ ọ́ jáde ní 1965, wọ́n sì ń kọ́ ọ dòní.

Ẹ wá fà á síwájú. Wọ́n pa ẹja ńlá tán, ẹja kékeré ò rí ẹni lé wọn mọ́, wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ Daphnia tán, algae ò rí ẹni jẹ wọ́n mọ́. Omi di ewé. Ẹ̀gbọ́n Àwọ̀n_Yíya, ẹ má bínú sí mi o, ó jọ pé àwọ̀n yín láwọ̀ díẹ̀.

Àwọ̀n_Yíya:
Hàhàhà! Ọmọ yìí ti mú mi. Mo gbà. Mi ò tíì ronú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn rí láyé mi.

Àǹtí_Awò:
Mo ti dé. Ọmọ_Lábù o ṣeun, àfikún kékeré kan péré, níbi tí omi ti ń gbóná jálẹ̀ ọdún, Daphnia ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹja kékeré ibẹ̀ ń bímọ yí ọdún po, wọn kì í fún un láyè. Torí náà ẹ má gbé ìtàn adágún ilẹ̀ tútù ka orí ti ilẹ̀ olóoru bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó yá, @Kí_Ló_Dé. Tanganyika jìn, ajílẹ̀ ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí pípò bá dín, ebi ń pa òkè. Adágún tí kò jìn púpọ̀, tí ilé àti oko yí ká, ajílẹ̀ ẹ̀ ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kò gbára lé ìsàlẹ̀. Ní irú ibẹ̀, tí omi bá gbóná tó sì dúró jẹ́ẹ́, àwọn cyanobacteria, ìyẹn bakitéríà aláwọ̀ ewé tó ń ṣe bíi algae, ló máa ń jàǹfààní. Púpọ̀ nínú wọn ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ara, wọ́n ń léfòó, wọ́n á lékè omi bí ojú oró, wọ́n á gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Díẹ̀ ní májèlé. Lóṣù kẹjọ ọdún 2014, ìlú Toledo létí adágún Erie nílẹ̀ Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ, wọn ò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ sè é torí sísè ò lè pa májèlé náà, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn.

Ooru kan náà, adágún méjì, ọ̀kan ń pebi, ìkejì ń yó títí ó fi ń fún ara ẹ̀ lọ́rùn. Mi ò rò pé ó ta ko ara ẹ̀.

Ojúmọ́_Ire:
Ẹ jẹ́ n mú adágún Victoria ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà wá torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ti ṣẹlẹ̀ papọ̀. Wọ́n kó Nile perch, ẹja ńlá kan tó ń jẹ ẹja mìíràn, sí i láàárín àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó rọra wà níbẹ̀ títí di bí ọdún 1980, ó wá gbilẹ̀ lójijì. Ẹ̀yà ẹja cichlid tó wà nínú adágún yẹn tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sí lónìí. Gbogbo èèyàn ló ń dá Nile perch lẹ́bi, ó sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ náà ń ṣàn wọlé lákòókò kan náà, cyanobacteria gba ipò lọ́wọ́ irú algae kan tí wọ́n ń pè ní diatom, ìsàlẹ̀ ń pàdánù ọ́síjìn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù rèé. Abo cichlid máa ń fi àwọ̀ mọ akọ tó jẹ́ tiẹ̀, búlúù tàbí pupa. Ìwádìí kan lọ́dún 1997 fi hàn pé níbi tí omi ti dọ̀tí, abo ò lè rí àwọ̀ náà dáadáa mọ́, ẹ̀yà méjì á wá máa bá ara wọn bímọ títí wọ́n á fi di ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó pa wọ́n o. Wọn ò rí ara wọn ni.

Ẹja wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní dagaa ló wá ń gbádùn ara ẹ̀ níbẹ̀ báyìí.

Ọmọ_Lábù:
Yééè, ti àwọ̀ yẹn 😳

Àsìkò náà tún wà o. Lake Washington tí ẹ̀gbọ́n Ajílẹ̀_Ni dárúkọ, lẹ́yìn tí omi ẹ̀ ti mọ́ tán, wọ́n wo àkọsílẹ̀ láti 1962 sí 2002, diatom ibẹ̀ ti ń yára yọ nígbà ìrúwé ní nǹkan bí ogún ọjọ́ ṣáájú ti tẹ́lẹ̀ torí omi ń tètè gbóná, ṣùgbọ́n Daphnia kan ò bá a yára. Kó tó jí, oúnjẹ ti ń tán nílẹ̀. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kì í ṣe ìdọ̀tí ló fà á, kì í ṣe àwọ̀n.

Kí_Ló_Dé:
Ta ló ń jókòó wọn omi fún ogójì ọdún ná? Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu jù.

Ojúmọ́_Ire:
Ogójì kéré. Adágún Baikal ní Rọ́ṣíà, ọ̀gbẹ́ni Mikhail Kozhov bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ibẹ̀ lọ́dún 1945, ọmọ ẹ̀ obìnrin gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ-ọmọ náà gbà á. Nígbà òtútù, orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbẹ́ ihò. Ìgbà tí wọ́n tú àkọsílẹ̀ yẹn wò ní 2008, wọ́n rí i pé omi òkè ti fi dígírì kan àti díẹ̀ gbóná sí i, àwọn ìbátan Daphnia tó fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sì ti pọ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ níbi tí wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Etí_Omi:
Ẹ ṣeun gan-an, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dáa, èmi tí mi ò ní lábù, kí ni mo lè fojú ara mi wò?

Àǹtí_Awò:
Ẹ wá ìdérí báké tó funfun, èyí tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ, ẹ so òkúta mọ́ ọn nísàlẹ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn tẹ́ ẹ ti fi kókó sàmì sí lára. Ẹ sọ ọ́ sómi lọ́sàn-án, níbi òjìji ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti hàn mọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Secchi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1865. Ẹ wá ìgò kan tí ìdérí ẹ̀ ṣe é fi okùn fà yọ, ẹ rì í dé ìsàlẹ̀, ẹ ṣí i níbẹ̀, ẹ fà á sókè kíá, ẹ ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ẹ gbóòórùn ẹ̀ náà. Fún plánkítọ̀n, sítọ́kìn obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó, ẹ fà á lẹ́yìn ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n sínú gíláàsì omi, kẹ́ ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀.

Etí_Omi:
Mo ti dé o, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọkùnrin tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nípàdé yẹn ló bá mi wa ọkọ̀.

Ìdérí báké náà pòórá ní sẹ̀ǹtímítà 60. Òkè omi jẹ́ 30°C, ìsàlẹ̀, ní bíi mítà mẹ́sàn-án, jẹ́ 27°C. Ìgò tá a fà láti ìsàlẹ̀, kí n tó gbé e dé imú ló ti lù mí, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nínú gíláàsì, mo rí òwú ewé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo rí àwọn nǹkan kéékèèké méjì mẹ́ta tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Kò sí èyí tó tóbi. A sì tẹ̀ lé gọ́tà kan dé òkè, oko ló ti ń bọ̀, ilé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Àǹtí_Awò:
Òórùn yẹn ti sọ tiẹ̀. Kò sí ọ́síjìn nísàlẹ̀ yẹn. Tí ọ́síjìn bá ti tán níbẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí irin inú ẹrẹ̀ ti dì mú láti ọdún gbọ́nhan á tú, á tún jáde sínú omi. Torí náà tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ dí gọ́tà yẹn lónìí, adágún á ṣì máa san gbèsè àtijọ́ fún ọdún mélòó kan, ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n má baà sọ pé ẹ parọ́. Ti lílé apẹja, mi ò ní kí wọ́n má gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ẹja ńlá sílẹ̀ nínú omi, kí wọ́n máa pa àwọn wẹ́wẹ́. Òdì kejì ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn.

Ajílẹ̀_Ni:
Gọ́tà! Mo sọ ọ́!

Kí_Ló_Dé:
@Ajílẹ̀_Ni ẹ rọra o, òkè ati ìsàlẹ̀ fi dígírì mẹ́ta jìnnà síra, ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ìyẹn.

Etí_Omi:
Ìpàdé mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọkùnrin yẹn ló máa gbé ìgò náà dání, ó ní òun á ṣí i níwájú gbogbo wọn. Ohun kan ló kù tí mi ò tíì wò, ti ìdájí tí bọ̀ọ̀dá Àwọ̀n_Yíya sọ.

Àwọ̀n_Yíya:
Aago márùn-ún ni kẹ́ ẹ ti wà lórí omi. Ọjọ́ tí atẹ́gùn ò bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ fetí sí i.